Olú Kékeré Tó Ń Rùn Bí Ààyù: Ibo Ló Ń Hù, Ṣé Ó Sì Ṣeé Jẹ?

ÌBÉÈRÈ

High Wycombe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí òjò dá, mo kó àwọn ọmọ lọ ṣeré nínú igbó tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa, níbi tí igi beech pọ̀ sí. Bí a ṣe ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀ ni òórùn ààyù bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí wa nímú. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló da oúnjẹ síbẹ̀, àṣé olú ni. Olú náà kéré, orí rẹ̀ kò tóbi ju owó 50 pence lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúdú. Dámilọ́lá, ọmọ mi obìnrin, fi ìka tẹ ọ̀kan fọ́. Títí a fi délé ni òórùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń bá ìyá mi àgbà lọ wá olú lóko, mo sì mọ bí ó ṣe ń dùn nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣe mí bíi kí n padà lọ ká díẹ̀ nínú èyí. Ohun tí mò ń rò ni pé ààyù kì í pa ènìyàn, kí ló wá lè wà nínú olú tó ń rùn bí ààyù? Ọkọ mi ní kí n má dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, olú wo nìyí? Irú ibo ló máa ń hù? Ṣé ó ṣeé jẹ? Ṣé a ní irú rẹ̀ nílẹ̀ wa?

Èmi ni,
Ìyá Dámilọ́lá, High Wycombe

ÌDÁHÙN

Ìyá Dámilọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ọgbọ́n tí ẹ fi béèrè kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Abéèrè kì í ṣìnà. Ọkọ yín náà kú làákàyè. Ìbéèrè mẹ́rin lẹ bi mí, n ó sì dá gbogbo wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé. Imú ló ń pe ènìyàn wá sídìí olú yìí, ṣùgbọ́n imú nìkan kò tó láti fi dá a mọ̀. Ohun tí olú náà fi ẹsẹ̀ lé lórí ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí olú kan ń hù ti mọ ìdajì olú náà.

Olú wo nìyí?

Igi beech tí ẹ dárúkọ, oṣù Kẹwàá, ẹsẹ̀ gígùn dúdú àti òórùn ààyù tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́wọ́ ọmọ, tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jọ pé Mycetinis alliaceus lẹ rí. N ó máa pè é ní olú ààyù nínú èsì yìí, kí ó lè rọrùn fún wa.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ̀ ọ́n. Nikolaus Joseph von Jacquin, onímọ̀ ewéko tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Vienna ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ tó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 1838, Elias Fries, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kó o mọ́ ìdílé olú tí wọ́n ń pè ní Marasmius. Ibẹ̀ ló wà títí di ọdún 2005, nígbà tí Andrew Wilson àti Dennis Desjardin ní Amẹ́ríkà yẹ DNA àwọn olú wọ̀nyí wò, tí wọ́n sì rí i pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni ó yẹ kí ó wà, ìyẹn Mycetinis. Mo sọ èyí torí pé bí ẹ bá yá ìwé olú tó ti pẹ́ ní láíbìrì àdúgbò yín, Marasmius alliaceus lẹ máa bá nínú rẹ̀. Olú kan náà ni.

Bí ẹ ṣe máa wò ó

Bí ẹ bá tún dé ibẹ̀, ẹ má kàn dúró lókè kí ẹ máa wò ó. Ẹ kúnlẹ̀ tì í.

Orí rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó máa ń rí rogodo. Bó bá dàgbà, á tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín rẹ̀ á sì yọ sókè díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráwùn tó ṣá, àárín sì máa ń dúdú ju etí lọ. Bí òjò bá ti mu ún yó, ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ létí rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tò síbẹ̀ funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ eérú díẹ̀, wọn kò sì fún mọ́ra jù.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ó le, ó dúró ṣánṣán, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, èyí tó pọ̀ gan-an fún olú tí orí rẹ̀ kéré báyẹn. Lókè, níbi tó ti so mọ́ orí, àwọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́ díẹ̀. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń dúdú sí i, títí á fi dúdú kirikiri. Bí ẹ bá ní awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ fi wò ó: irun wẹ́wẹ́ bo ẹsẹ̀ náà láti òkè délẹ̀, ó rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi ìka ṣí ewé tó wà nídìí rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀. Ẹ má fà á o, torí bí ẹ bá fà á, ohun tí ẹ ń wá á já kù sínú ilẹ̀. Ewé ọdún yìí lẹ ó kọ́kọ́ kàn, tó ṣì le, tó pọ́n. Abẹ́ rẹ̀ ni ewé èṣín wà, tó ti rọ̀, tó ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Abẹ́ ìyẹn ni ilẹ̀ dúdú. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé ẹsẹ̀ olú yìí wọnú igi: ẹ̀ka beech kékeré tó ti já bọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ilẹ̀ ti bò, tó ti fúyẹ́, tó ti funfun nínú, tí ẹ lè fi èékánná ya. Nígbà mìíràn, ewé beech tó ti jẹrà ló so mọ́.

Ẹ̀ka jíjẹrà yẹn ni ilé rẹ̀. Ohun tí ẹ rí lókè tí ẹ ń pè ní olú, èso rẹ̀ ni. Ara rẹ̀ gan-an jẹ́ okùn funfun tín-ín-rín tó tàn ká inú igi náà, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di ilẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ní láti gùn: ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ gbé orí rẹ̀ la ewé kọjá, kí afẹ́fẹ́ lè gbé lẹ́búlẹ́bú irúgbìn rẹ̀ lọ.

Ibo ló ń hù?

Beech ni igi rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wá olú ààyù, ẹ má wá olú o, beech ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: igi ńlá tí èèpo rẹ̀ dán, tó ní àwọ̀ eérú, tí ewé rẹ̀ máa ń di búráwùn pípọ́n nígbà ìwọ́wé. Òjìji rẹ̀ ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù lábẹ́ rẹ̀, ewé nìkan ló máa ń bo ilẹ̀ ibẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kọkànlá ni olú náà máa ń yọ, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ó fẹ́ràn igbó beech tó wà lórí ilẹ̀ tí òkúta funfun bí ẹfun wà lábẹ́ rẹ̀.

Wàyí, ẹ wo ibi tí ẹ ń gbé. High Wycombe wà láàárín àwọn òkè Chiltern, òkúta ẹfun sì ni àwọn òkè náà. Igbó beech ibẹ̀ lókìkí. Igi yẹn ló sọ ìlú yín di ìlú àwọn oníṣẹ́ àga. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí wọ́n ń pè ní bodger máa ń jókòó sínú igbó gan-an, wọ́n á gé beech, wọ́n á gbẹ́ ẹsẹ̀ àga níbẹ̀, wọ́n á sì kó o wá fún àwọn tó ń to àga ní Wycombe. Títí dòní, “àwọn ọmọ oníṣẹ́ àga” ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yín, Wycombe Wanderers. Igbó tó gbé iṣẹ́ ìlú yín ró ni igbó tó ń bọ́ olú tí ọmọ yín tẹ̀ fọ́.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ti lè rí i. Apá gúúsù, níbi tí beech ti jẹ́ igi ìbílẹ̀, ló ti wọ́pọ̀ jù, kódà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo igbó ni ẹ máa bá a. Ní àwọn ilẹ̀ bíi Faransé, Jámánì àti Austria, tí igbó beech ti lọ súà, ó pọ̀ dáadáa. Níbi gbogbo tó wà, igi tó wó lulẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kó kúrò ló ń gbé e ró. Bí wọ́n bá gbá igbó mọ́ bí ẹni gbá àgbàlá, oúnjẹ tán fún un nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí: igi tó ń rà nínú igbó kì í ṣe ìdọ̀tí. Oúnjẹ ẹ̀dá mìíràn ni.

Àwọn ìbátan rẹ̀

Olú ààyù ní àbúrò àti ẹ̀gbọ́n, ibi tí kálukú ń hù ni a sì fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn ààyù lábẹ́ igi páìnì, níbi tí ewé rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ bo ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Mycetinis scorodonius. Ìyẹn kéré sí tiyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ó ń dán, kò sì ní irun; àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ lókè kí ó tó dúdú nísàlẹ̀. Òun a máa hù lórí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò koríko gbígbẹ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ orí ewé igi óákù tó ti jẹrà ni ẹ ti rí i, Mycetinis querceus ni ó yẹ kí ẹ ronú kàn.

Àwọn òǹkàwé wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà ní tiwọn. Ní California, Mycetinis copelandii máa ń hù lórí ewé óákù tó bolẹ̀, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbọ́ ọ kí ó tó fojú kàn án.

Kí ló fà á tó fi ń rùn bí ààyù?

Dámilọ́lá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò tó dáhùn èyí. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tó tẹ olú náà fọ́ ni òórùn rẹ̀ wá le, tó sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ààyù inú ilé ìdáná náà kò yàtọ̀: bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ láìbó, òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ gún un, gbogbo ilé á mọ̀. Ohun tó ń rùn kò tíì sí nínú rẹ̀ kí a tó gún un. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ló wà nípamọ́ ní ọ̀tọ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe é wà ní ọ̀tọ̀. Bí ara rẹ̀ bá fọ́, àwọn méjèèjì á pàdé, òórùn á sì jáde.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú olú yìí, ṣùgbọ́n ohun ìpamọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ààyù. Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì kan kéde pé àwọn rí i nínú olú ìdílé yìí, wọ́n sì pè é ní gamma-glutamyl-marasmin. Imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, bí ó ṣe wà nínú ohun tó ń mú ààyù àti àlùbọ́sà rùn. Nígbà tí olú bá fọ́, ẹ́ńsáìmù á gé ohun ìpamọ́ yìí sí wẹ́wẹ́, èyí tó ní imí ọjọ́ á sì fò sókè sí wa nímú.

Òórùn yìí kì í ṣe ti ààyù nìkan láyé. Nílé, ẹni tó bá ti fọwọ́ ra ewé tàbí gbòǹgbò ojúùsájú rí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ewé kan náà ni àwọn ìbátan wa ní Cuba ń pè ní anamú, tí ti Brazil ń pè ní guiné. Ojúùsájú kì í ṣe ààyù, kò sí ẹni tó máa tìtorí òórùn rẹ̀ dà á sínú ata díndín. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà wo olú tí ẹ rí.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà ìrúwé lẹ gbóòórùn ààyù nínú igbó, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ olú kọ́ nìyẹn. Ààyù igbó ni, Allium ursinum, ewé rẹ̀ gbòòrò, òdòdó rẹ̀ funfun. Àwọn kan ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ewé olóró kan máa ń hù láàárín rẹ̀, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tó bá ń já a.

Ṣé ó ṣeé jẹ?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi, Ìyá Dámilọ́lá. Ẹ má jẹ èyí tí ẹ rí.

Mi ò sọ pé olóró ni olú ààyù. Lóòótọ́, àbúrò rẹ̀ tó ń hù lábẹ́ páìnì, àwọn ará Jámánì kan máa ń sá a gbẹ, wọ́n á sì fi díẹ̀ ta ọbẹ̀ lórùn bí a ṣe ń fi irú ta ọbẹ̀. Àwọn tó dá a mọ̀ láti kékeré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti igi beech tí ẹ rí kò lókìkí nídìí oúnjẹ: ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù, ara orí rẹ̀ kò ju fẹ́lẹ́ lọ, òórùn rẹ̀ sì lè bo gbogbo adùn ọbẹ̀. Ìwọ̀nba àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí wewu fún.

Ibi tí ewu náà ti ń wá nìyí. Ẹ ní ààyù kì í pa ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òórùn máa ń ràn. Ẹ já olú ààyù mẹ́wàá sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ wá já olú búráwùn kékeré mìíràn mọ́ ọn láìfura, kí ẹ tó délé, gbogbo apẹ̀rẹ̀ àti ọwọ́ yín á ti máa rùn bí ààyù. Imú kò lè yà wọ́n mọ́. Galerina marginata jẹ́ olú búráwùn kékeré tó ń hù lórí igi tó ń rà, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Májèlé kan náà ló wà nínú Amanita phalloides, èyí tó ń pa ènìyàn jù lọ nínú gbogbo olú ayé. Ìdí igi beech àti óákù gan-an ló ti ń hù, ní àkókò kan náà tí olú ààyù ń yọ. Orí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ṣá, awẹ́ rẹ̀ funfun, ó ní òrùka lọ́rùn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú àpò funfun. Sísè kò pa májèlé rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í tètè mọ̀, torí ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ara á dà bíi pé ó ti yá, àṣé ẹ̀dọ̀ ló ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó láti pa àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wá láti ilé ju bí a ti rò lọ. Nílé, lórí òkú ọ̀pẹ àti pàǹtí ẹyìn, olú kan máa ń hù tí onímọ̀ ń pè ní Volvariella, tí àwọn ènìyàn wa ń jẹ. Nígbà tó bá wà ní kékeré, àpò ló máa ń bò ó, bí àpò ṣe ń bo ọmọdé Amanita phalloides. Àwọn ará Éṣíà náà ń jẹ Volvariella nílé wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣí lọ sí ilẹ̀ mìíràn ló sì ti rí Amanita phalloides tí wọ́n rò pé tilé ni. Ní ìlú Canberra ní Australia, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012, ènìyàn méjì kú lẹ́yìn oúnjẹ tí wọ́n fi olú yìí sè. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ àwọn tó sá ogun Síríà wá sí Jámánì ló dèrò ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀, ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn kò sì yè é. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé ló pé. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e dé ló yàtọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ olú igbó, tí ẹ sì ń ṣiyèméjì, ẹ má dúró de inú rírun. Ẹ pe NHS lórí 111, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú èyí tó kù nínú olú náà lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ èyí tí a ti sè.

Ṣé a ní irú rẹ̀ nílé?

Igi beech kì í hù nílẹ̀ Yorùbá, nítorí náà, ẹ kò lè bá olú ààyù ti Chiltern pàdé ní Ìkirè. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìyá yín àgbà fi mọ olú ni ọ̀nà tí mò ń kọ́ yín yìí. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń rìn: kì í ṣe gbogbo oko ni wọ́n ń wá. Ìdí ògán ni wọ́n ń lọ bí òjò bá ti rọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé Termitomyces, àwọn olú aládùn tí à ń ká níbẹ̀, kò lè hù láìsí ikán. Ikán ló ń gbìn ín sínú ilé wọn nísàlẹ̀ ilẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ọ̀pẹ, ìdí òkú ọ̀pẹ ni wọ́n ń yà sí. Ibi tí olú dúró ni ẹ̀rí tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wo àwọ̀, kí wọ́n tó fi sí imú.

Ìmọ̀ yẹn kò sọnù lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Orúkọ igi àti ti ilẹ̀ ló yí padà. Bí ìyá àgbà ṣe kọ́ ògán àti ọ̀pẹ, ẹ̀yin náà ẹ kọ́ beech, óákù àti páìnì. Ẹ máa jẹ́ kí olú tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe

Ní England àti Wales, òfin olè jíjà ti ọdún 1968 sọ pé ẹni tó já olú tó lalẹ̀ hù nínú igbó kò jalè, bí kò bá jẹ́ pé títà ló fẹ́ tà á. Síbẹ̀, àwọn igbó kan ní òfin tiwọn. Ní Burnham Beeches tó wà nítòsí yín, àti ní Epping Forest, tó wà lábẹ́ àbójútó City of London Corporation, wọn kò fẹ́ kí ènìyàn ká olú rárá. Ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, ẹ má sì ká ju ẹyọ kan lọ fún ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n bá ti gbà yín láyè.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún Dámilọ́lá. Gbogbo ìgbà tó bá rí olú, kí ó kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí ó kọ igi tó wà lókè orí rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ẹsẹ̀ olú náà wọnú rẹ̀: ewé ni, ẹ̀ka ni, àbí ilẹ̀ lásán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó tó kọ àwọ̀ àti òórùn. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti abẹ́.

Nílé, ẹ gé orí ẹyọ kan náà kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ da awẹ́ rẹ̀ délẹ̀ sórí bébà tí ìdajì rẹ̀ dúdú, tí ìdajì rẹ̀ funfun, kí ẹ sì fi ife dé e mọ́júmọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú tó já bọ́ láti inú rẹ̀. Ti olú ààyù máa ń funfun, ìdajì bébà tó dúdú ni ẹ ó ti rí i dáadáa. Ti Galerina máa ń ní àwọ̀ ìpẹtà. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ìpẹtà, ẹ ti mọ̀ pé olú ààyù kọ́ lẹ ká, ohun yòówù kí imú yín máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé funfun nìkan kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé olú dára, torí lẹ́búlẹ́bú Amanita phalloides náà funfun. Kí gbogbo ẹ̀rí pé jọ ni kí ẹ máa wá. Ẹ fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yé àbúrò Dámilọ́lá tó bá wà nílé pé olú orí tábìlì kì í ṣe oúnjẹ.

Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ olú wà ní Buckinghamshire tí ẹ wà gan-an. Nígbà ìwọ́wé, wọ́n máa ń jáde lọ sínú igbó pọ̀. Ẹ bá wọn lọ, kí ẹ mú ìwé Dámilọ́lá dání, kí ẹ sì fi ohun tó kọ hàn wọ́n. Inú irú wọn máa ń dùn sí ọmọ tó bá mọ igi tí olú rẹ̀ ti wá, ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ń wo olú fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹ jọ kúnlẹ̀ sídìí olú kan náà, sì dára ju ìwé àti fọ́tò lọ.

Ní ti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, olú tí wọ́n ń tà ní ọjà Wycombe dára púpọ̀, ẹ fi ààyù gidi sí i bí ẹ bá fẹ́. Tinú igbó, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti ìmọ̀. Ó tó ohun tí ìyá àti ọmọ lè jọ máa kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ̀wé sí mi padà tí ẹ bá ti tẹ̀ lé ẹsẹ̀ dúdú yẹn dé inú igi tó ti wá, kí ẹ sọ fún mi bóyá beech ni lóòótọ́.